Ǹjẹ́ Ìjọra Ni Ìṣọ̀kan? Ọ̀rọ̀ Ilé Ẹ̀kọ́ Achimota

Nígbà tí ọmọ bá gbé irun tí ó ta kókó wá láti inú ìyá rẹ̀, Yorùbá kì í wá orúkọ fún un mọ́. Orúkọ ti bá a wá: Dàdá ni. Ìyá rẹ̀ kì í fi òòyà yà á lórí, bàbá rẹ̀ kì í sì í ké sí onígbàjámọ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe fún àwọn ọmọ yòókù. Bí ọjọ́ tí irun náà yóò kúrò lórí bá pé, ètò wà fún un, sàárà wà fún un, àwọn ọmọdé àdúgbò yóò jẹ, wọn yóò sì mu. Títí di ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí yóò fi ọwọ́ líle kan orí Dàdá. Síbẹ̀, ọmọ náà ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹun nínú àwo kan, ó ń bá wọn ṣeré lábẹ́ òṣùpá, wọ́n ń rán an níṣẹ́ bí wọ́n ti ń rán ẹlòmíràn, wọ́n sì ń nà án bí ó bá ṣẹ̀. Kò tíì sí agbo ilé tí ó tú ká nítorí irun orí Dàdá.

Ní oṣù kẹta ọdún 2021, ọ̀rọ̀ irun orí ọmọ méjì dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀ ní Akra, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Gánà. Ọmọkùnrin ni àwọn méjèèjì. Ẹlẹ́sìn Rasta ni wọ́n, irun dídì tí a kì í gé sì jẹ́ ọ̀kan nínú àmì ẹ̀sìn náà. Wọ́n ti yege ìdánwò tí àwọn ọmọ Gánà ń ṣe kí wọ́n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà, ètò ìjọba sì ti pín wọn sí Ilé Ẹ̀kọ́ Achimota, ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí òkìkí wọn kàn jùlọ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí wọ́n lọ fi orúkọ sílẹ̀, àwọn aláṣẹ ní kí wọ́n lọ gé irun náà kí wọ́n tó wọlé. Wọ́n kọ̀. Iléeṣẹ́ tí ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ ní kí ilé ẹ̀kọ́ gbà wọ́n, lẹ́yìn náà ni ó yí ohùn padà. Ẹgbẹ́ olùkọ́ kan, àwọn òbí àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ dìde, wọ́n gbè sẹ́yìn òfin ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ dé Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Akra. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún kan náà, Adájọ́ Gifty Agyei Addo dájọ́ pé kíkọ̀ tí wọ́n kọ àwọn ọmọ náà nítorí irun tí ẹ̀sìn wọn mú wọn dá sí tẹ ẹ̀tọ́ wọn lójú, ó sì pàṣẹ pé kí ilé ẹ̀kọ́ gbà wọ́n wọlé.

Adájọ́ ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí kì í ṣe ti ilé ẹjọ́, ti olùkọ́ ni. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá sọ pé òun fẹ́ sọ ọ̀pọ̀ ọmọ di ọ̀kan, kí ni ó ń wá gan-an? Ṣé kí wọ́n jọ ara wọn ni, tàbí kí wọ́n lè pawọ́ pọ̀ ṣe nǹkan? Bóyá ni ilé ẹ̀kọ́ kan wà tí ìbéèrè yìí tọ́ sí ju Achimota lọ, nítorí pé gbólóhùn tí àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀ mú láti inú Ìhìnrere Jòhánù, tí wọ́n sì kọ ní èdè Látìnì gẹ́gẹ́ bí àkọmọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ náà, ni pé kí gbogbo wọn lè jẹ́ ọ̀kan.

Gordon Guggisberg, tí ó jẹ́ gómìnà ní ilẹ̀ Gold Coast láti 1919 títí di 1927, ni ó fi òkúta ìpìlẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà lélẹ̀ ní oṣù kẹta 1924. Kò kọ́ ọ sí àárín ìlú. Ẹ̀yìn odi ni ó yàn, ní ìhà àríwá Akra, lẹ́bàá igbó kan tí ìtàn rẹ̀ ṣàjèjì. Àwọn kan máa ń sọ pé ìtumọ̀ orúkọ Achimota ní èdè Ga ni ibi tí a kì í dárúkọ, nítorí pé inú igbó náà ni àwọn ẹrú tí ó sá fún olówó wọn máa ń fara pamọ́ sí, ẹni tí ó bá sì mọ̀ kò gbọdọ̀ sọ. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, a jẹ́ pé ibi tí àwọn ènìyàn sá wá kí ẹnikẹ́ni má baà pàṣẹ lé wọn lórí mọ́ ni wọ́n wá kọ́ ilé ẹ̀kọ́ sí, kò sì sí ilé ẹ̀kọ́ láìsí àṣẹ. Lónìí, ìlú ti bá ilé ẹ̀kọ́ náà níbi tí ó wà, ó sì ti kọjá rẹ̀. Ilé, ọjà àti òpópónà ti yí i ká. Ní 1948 inú ọgbà rẹ̀ kan náà ni kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó di Yunifásítì Gánà ti bẹ̀rẹ̀, kí ó tó kó lọ sí Legon.

Ènìyàn méjì mìíràn ni orúkọ wọn máa ń bá ti Guggisberg rìn. Àkọ́kọ́ ni Alexander Fraser, oníwàásù ọmọ ilẹ̀ Scotland tí ó ti ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní Kandy, ní erékùṣù tí à ń pè ní Sri Lanka lónìí. Òun ni ó jẹ́ ọ̀gá àkọ́kọ́ ní Achimota. Èkejì ni James Aggrey, ọmọ Anomabo, tí wọ́n bí ní 1875, tí ó kọjá sí Amẹ́ríkà ní 1898, tí ó kàwé tí ó sì kọ́ni ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Livingstone ní North Carolina fún ọdún tí ó lé ní ogún. Aggrey wà lára àwọn tí wọ́n tẹnu mọ́ ọn pé kí ilé ẹ̀kọ́ náà gba ọmọbìnrin gẹ́gẹ́ bí ó ti gba ọmọkùnrin, ohun tí kò wọ́pọ̀ nígbà náà. Wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ náà ní ọjọ́ 28 oṣù kìn-ín-ní 1927. Ní oṣù keje ọdún náà, Aggrey kú ní New York.

Ṣùgbọ́n ó ti fi òwe kan sílẹ̀, òwe náà ni wọ́n sì sọ di àmì ilé ẹ̀kọ́ náà tí àwọn ọmọ ń wọ̀ sáyà títí di òní. Dùùrù ni. Lára dùùrù, àwọn pákó tẹ́ẹ́rẹ́ wà tí ìka ń tẹ̀. Àwọn kan funfun, àwọn kan dúdú. Aggrey máa ń wí pé ènìyàn lè tẹ àwọn funfun nìkan kí orin díẹ̀ jáde, ó sì lè tẹ àwọn dúdú nìkan kí orin díẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ kí ohùn ṣọ̀kan, méjèèjì ni yóò lò. Ìbágbé òyìnbó àti adúláwọ̀ ni ó ń sọ. Kò dá gbogbo ènìyàn lójú. Kwame Nkrumah, tí ó jáde gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ní Achimota ní 1930, fẹ́ràn Aggrey gidigidi, síbẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ yìí bẹ́ẹ̀. Ní tirẹ̀, kò sí ìrẹ́pọ̀ tòótọ́ láàárín ẹni tí ó wà lómìnira àti ẹni tí kò sí lómìnira. Àtakò náà lágbára. Dùùrù kì í tẹ ara rẹ̀. Ẹnì kan ni ó jókòó tì í, ní àkókò náà sì rèé, gbogbo ayé ni ó mọ ẹni tí ó jókòó tì í ní Gold Coast. Bí a bá tilẹ̀ gba àtakò Nkrumah wọlé, ohun kan kù nínú òwe náà tí kò bàjẹ́: Aggrey kò sọ pé kí wọ́n kun gbogbo pákó náà ní àwọ̀ kan.

Níbo wá ni àwọn ọmọ ti ń kọ́ ìṣọ̀kan yìí? Kì í ṣe nínú kíláàsì. Nínú kíláàsì, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ń kọ ìdánwò tirẹ̀, ẹni tí ó bá sì ran ẹnìkejì lọ́wọ́, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni. Nígbà tí agogo ẹ̀kọ́ bá ti lù tán ni ọ̀ràn ń yí padà. Gbogbo ọmọ ni ó ní ilé tí ó wà nínú ọgbà, ilé kọ̀ọ̀kan sì ń jẹ́ orúkọ ènìyàn: Aggrey, Livingstone, Slessor, èyí tí í ṣe orúkọ Mary Slessor tí ó ṣiṣẹ́ ní Kàlàbá, àti Lugard pẹ̀lú, ẹni tí àwọn ará Nàìjíríà kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣe àlàyé rẹ̀ fún wọn. Ọmọ Asante, ọmọ Fante, ọmọ Ga, ọmọ Ewe àti ọmọ ìhà àríwá a máa sùn sórí ibùsùn tí ó tẹ̀lé ara wọn. Wọ́n a jọ gbá ilẹ̀, wọ́n a jọ pọn omi, bí ọjọ́ eré ìdárayá bá sì dé, wọ́n a di ilé kan lójú ilé mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí ènìyàn wo eré ìje tí ẹni mẹ́rin ń fi ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́. Olùkọ́ tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í kó ẹni mẹ́rin tí ó jọ ara wọn jọ. Ó ń wá ẹni tí ara rẹ̀ yá láti fò jáde bí ìbọn bá ti dún, ó ń wá ẹni tí ó lè sáré yí kọ̀rọ̀ láì ṣubú, ó sì ń fi ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í já ṣe ìkẹyìn. Ìgbà tí ọ̀pá bá ń kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹnìkejì ni ìṣọ̀kan wọn máa ń hàn, kò sì sí aṣọ tí ó lè ṣe é fún wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ oko ilé ẹ̀kọ́, níbi tí ọmọ ọba ti mú ọkọ́, tí ọmọ àgbẹ̀ tí ó mọ̀ ọ́n lò sì di olùkọ́ rẹ̀ fún ọ̀sán kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdíje ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò láàárín àwọn ilé ẹ̀kọ́ Gánà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1993, èyí tí Achimota gba ipò kìn-ín-ní nínú rẹ̀ ní 1998 àti 2004: ọmọ méjì ni ó ń jókòó síwájú fún ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ohun tí ọ̀kan kò bá mọ̀ ni ó yẹ kí èkejì mọ̀.

Ìlù ni ó tún mú ọ̀rọ̀ náà yéni jù. Ní ọdún tí wọ́n dá Achimota sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni ó ka ìlù ìbílẹ̀ sí ohun kèfèrí. Achimota gbà á wọlé, àwọn ọmọ sì ń lu ìlù ilẹ̀ wọn, wọ́n ń jó ijó ilẹ̀ wọn nínú ọgbà. Philip Gbeho, ọmọ Ewe, kọ́ni ní orin níbẹ̀. Òun ni ó ṣe ohùn orin orílẹ̀-èdè Gánà nígbà tí òmìnira dé ní 1957. Yorùbá mọ ohun tí ìlù ń kọ́ni. Nínú ẹgbẹ́ dùndún, ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀, gúdúgúdú kékeré sì ń lu ohun kan ṣáá, kò yẹsẹ̀, kò yà. Bí gúdúgúdú bá ní òun fẹ́ di ìyáàlù, agbo dàrú. Bí wọ́n bá sì kó ìyáàlù márùn-ún jọ tí gbogbo wọn ń sọ ohun kan náà, ariwo ni yóò jáde, kì í ṣe ìlù.

Iṣẹ́ ọwọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Michael Cardew, amọ̀kòkò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́ni ní ìkòkò mímọ ní Achimota láti 1942 títí di 1945. Òun ni ó wá dá ilé ìkòkò sílẹ̀ ní Abuja, tí à ń pè ní Suleja nísinsìnyí, níbi tí Ladi Kwali ti di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Thurstan Shaw tí ó tọ́jú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà ní Achimota ni ó tún wá hú ohun àtijọ́ ní Igbo-Ukwu, tí ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ ohun tí Nàìjíríà ń fi yangàn ní ẹsẹ̀ kan ní Achimota, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í sábà rántí.

Ẹni tí kò bá tíì ṣe olùkọ́ ilé ibùgbé rí ni yóò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú àwíjàre àwọn aláṣẹ ní 2021. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama Gánà, lọ́kùnrin lóbìnrin ni ó ń gé irun mọ́lẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò burú. Ọmọ mínísítà lè san owó irun dídì ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ọmọ ìyá tí ń ta kẹnkẹ́ ní ẹ̀bá ọ̀nà kò lè san án. Bí irun bá wálẹ̀, kò sí ẹni tí yóò mọ ọmọ ta ni ọmọ ta ni. Àkókò tí wọn ìbá fi di irun, wọ́n a fi wẹ̀, wọ́n a fi kàwé. Ó tún kù: olùkọ́ kan ní ọgọ́rùn-ún ọmọ lábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá yọ̀ǹda fún ẹnì kan lónìí nítorí ẹ̀sìn, ogún yóò di ẹlẹ́sìn bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́ lọ́la. Gbogbo èyí jẹ́ òtítọ́. Òfin tí ó bo tálákà láṣìírí kì í ṣe òfin ìkà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan béèrè, kò sì burú bí wọ́n ti béèrè, ìdí tí ọmọ aláwọ̀ funfun fi lè dá irun tirẹ̀ sí.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín ohun tí owó rà fún ọmọ àti ohun tí ilé fún un. Aṣọ ilé-ìwé ń bọ́ owó kúrò lára ọmọ. Ní ọjọ́ ìsinmi, ó lè gbé e kọ́, kí ó wọ aṣọ ilé, kò sì sí ohun tí ó sọnù. Irun tí ẹ̀jẹ́ wà lórí rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gé e, irun lè hù padà, ẹ̀jẹ́ kì í hù. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá ní kí ọmọ ṣẹ́ ẹ̀jẹ́ ilé rẹ̀ kí ó tó lè jókòó kọ́ ìṣirò, kò bọ́ ìgbéraga kankan kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ó ń kọ́ ọ pé ilé àti ilé-ìwé kò lè gbé inú ènìyàn kan. Ọmọ tí ó bá gba ẹ̀kọ́ yìí gbọ́ yóò kọ ọ̀kan nínú méjèèjì sílẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ilé ni yóò kọ̀.

Ti àwọn ogún tí yóò di ẹlẹ́sìn lọ́la ńkọ́? Ìṣòro gidi ni. Ohun tí ó gbà ni kí olùkọ́ mọ ilé tí ọmọ ti wá, kí ó sì béèrè. Ìyẹn gba àkókò ju òfin kan ṣoṣo lọ. Dàdá kò di Dàdá ní ọjọ́ tí òfin jáde. Àdúgbò ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ní Nàìjíríà náà, irú ọ̀rọ̀ yìí ti dá wàhálà sílẹ̀. Ní 2021 kan náà ni ọ̀ràn ìborí àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí mú kí wọ́n ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan pa ní Ìlọrin. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà 2022, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé ẹ̀tọ́ àwọn ọmọbìnrin ni láti wọ ìborí ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Èkó. Àwọn adájọ́ kò fi ohùn ṣọ̀kan. Méjì nínú méje kò fara mọ́ ọn. Kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ tí àwọn adájọ́ ilẹ̀ yìí kò lè dá ní ohùn kan, kò tọ́ kí a bú olùkọ́ kan ní Akra pé ó ṣì í mú.

Ohun tí ó ṣòro láti gbójú fò ni pé Achimota ti dáhùn ìbéèrè yìí nígbà kan rí, ó sì dáhùn rẹ̀ dáadáa. Ephraim Amu, ọmọ Peki, jẹ́ olùkọ́ orin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ìjọ Presbyterian ní Akropong. Ó bẹ̀rẹ̀ sí wọ aṣọ ìbílẹ̀ dípò kóòtù, ó wọ̀ ọ́ gun àga ìwàásù pàápàá, ó sì mú orin àti ìlù ilẹ̀ wọn wọ ilé ìjọsìn. Àwọn aláṣẹ ìjọ ní kò tọ́. Wọ́n ní ó ń tàbùkù ibi mímọ́. Ọ̀rọ̀ náà fa ara rẹ̀ lọ títí tí wọ́n fi lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 1933. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, nígbà tí Fraser ṣì jẹ́ ọ̀gá, Achimota gbà á. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó bọ́ aṣọ rẹ̀ ná. Pẹ̀lú aṣọ náà ni ó fi dúró síwájú àwọn ọmọ, ó kọ́ wọn ní orin, ó kọ́ wọn bí a ti ń fọn fèrè tí ó fi oparun gbẹ́. Ewe ni Amu, ṣùgbọ́n orin rẹ̀ tí gbogbo Gánà gbà bí ẹni pé orin orílẹ̀-èdè kejì ni, èdè Twi ni wọ́n ń fi kọ ọ́ káàkiri. Ó wọ aṣọ rẹ̀ títí tí ó fi kú ní 1995.

Ilé ẹ̀kọ́ tí ó gba àgbàlagbà tí wọ́n lé nítorí aṣọ ni ó wá kọ ọmọdé nítorí irun, ní ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún lẹ́yìn náà. Àwọn kan lè wí pé olùkọ́ kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, pé àgbà ti mọ ohun tí ó ń ṣe, ọmọdé sì gbọ́dọ̀ kọ́ ìgbọràn. Ṣùgbọ́n Amu kò di Amu ní ọjọ́ tí ó gba iṣẹ́. Ó ti jẹ́ ọmọ ilé-ìwé kí ó tó di olùkọ́, bí wọ́n bá sì ti kọ́ ọ láti kékeré pé ohun ilé rẹ̀ kò yẹ ní ibi ìmọ̀, àwọn ọmọ Achimota ì bá má rí ẹni tí yóò kọ́ wọn lórin náà.

Ibì kan sì tún wà tí ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan yìí ti pọ̀ ju agbára ilé ẹ̀kọ́ lọ. Lára àwọn tí wọ́n kọ́ni ní Achimota ní àwọn ọdún 1930 ni Kofi Busia, ọmọ Wenchi, ọ̀mọ̀wé gidi, ẹni tí ó wọ abẹ́ àkọmọ̀nà pé kí gbogbo wọn lè jẹ́ ọ̀kan lójoojúmọ́. Ní 1969 ó di olórí ìjọba Gánà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún náà, ìjọba rẹ̀ pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gba ìwé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó jáde. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí bá kì í ṣe àjèjì lójú ara wọn. Ó pẹ́ tí Yorùbá ti ń gbé Gánà. Ga ní orúkọ fún wọn, Alata, àdúgbò kan sì ń jẹ́ orúkọ náà ní James Town ní Akra. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà, Ìgbòho àti Ṣakí tí wọ́n bí sí Gánà, tí wọ́n lọ sí ilé-ìwé níbẹ̀, tí wọ́n sáré nínú eré ìje ilé-ìwé wọn, tí èdè Twi dùn lẹ́nu wọn ju Yorùbá lọ, di èrò lójú ọ̀nà. Ọjà wọn, ilé wọn àti gbèsè tí ènìyàn jẹ wọ́n ni wọ́n fi sílẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé Achimota ni ó kọ́ Busia ní èyí. Kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé ohun tí ó rí níbẹ̀ dá a dúró. Bóyá ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ni ìṣọ̀kan náà ti mọ, bí òdòdó tí wọ́n gbìn sínú ìkòkò. Bóyá ó rọrùn fún ẹ̀dá láti fẹ́ràn ẹni tí ó jọ sùn tì í, kí ó sì má mọ bí yóò ti na ìfẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá a sùn rí.

Nàìjíríà pẹ̀lú kò ní ohun tí yóò fi yangàn. Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí owó epo rọ̀pọ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ girama sì ń pọ̀ sí i ní ilẹ̀ Yorùbá, olùkọ́ kò tó. Àwọn ará Gánà wá, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ni olùkọ́. Wọ́n kọ́ni ní ìṣirò, wọ́n kọ́ni ní físíìsì àti èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú tí kò tíì rí iná mànàmáná. Wọ́n jẹ́ adájọ́ eré ìje, wọ́n dá ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀. Àwọn àgbà tí ó wà láyé lónìí ṣì ń dárúkọ wọn. Ní oṣù kìn-ín-ní 1983, ìjọba Shehu Shagari pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé jáde kúrò nílùú, àwọn ará Gánà sì ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó di ẹrù. Àpò onílà pupa, búlúù àti funfun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kó ẹrù sí ni Nàìjíríà sọ ní Ghana-Must-Go. Àpò náà ṣì wà lọ́jà. Òun ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama fi ń kó aṣọ, ìwé àti gààrí lọ sí ilé ibùgbé wọn bí ọjọ́ ìwọlé bá dé.